Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mo Fi Igi Ìdáná Rà

Ìró àáké ló pè mí jáde. Àárọ̀ Sátidé ni, ní àdúgbò tí mò ń gbé ní Kàbà, àwọn ará ilé tó kángun sí tiwa sì ń ṣe òkú àgbà. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló wà lórí iná lẹ́yìnkùlé, igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ ìkòkò ẹran. Ọmọkùnrin kan wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan jáde láti inú ilé ìdáná àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́, ó dá a dùbúlẹ̀, ó sì sọ àáké lé e. Àáké ta padà. Ó sọ ọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ta padà bí ẹni pé àpáta ló ṣá. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá sí ọgbà wọn.

Kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ni, irú èyí tí ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún nílẹ̀ wa yóò dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì onírin sí lójú kí atẹ́gùn lè wọlé kí eṣinṣin má lè wọlé, pẹpẹ mẹ́ta nínú, ẹsẹ̀ gígùn mẹ́rin. Inú rẹ̀ ni ìkòkò ọbẹ̀ ń sùn kí fíríìjì tó dé. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo mílíìkì, wọ́n á bu omi tàbí kẹrosíìnì sínú agolo náà kí èèrà má baà rí ọ̀nà gùn ún. Èèrà ò rí i gùn lóòótọ́, àmọ́ àwa ọmọdé rí i ṣí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló máa ń tú wa fó, torí kì í dún nígbà tí o bá ń ṣí i, ìgbà tí ọwọ́ bá ti kan ẹran ló máa ń dún.

Mo bẹ ìyá tó ni ín pé kí wọ́n má là á.

“Kí lo fẹ́ fi í ṣe, Tíṣà? Ikán ti jẹ ẹ́.”

“Mo fẹ́ rà á ni, Ìyá.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. “Owó kọ́ la nílò báyìí. Igi la nílò. Ẹran ò tíì jinná.”

Mo rán ọlọ́kadà sọ́jà, ó di ìdì igi méjì sẹ́yìn wá. Ìyá fọwọ́ wọn igi náà wò bóyá ó gbẹ, ó ní ó dáa, kí n máa gbé ẹrù mi lọ. Ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá. Ó ní òun ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi àga dáná, òun ò tíì gbọ́ ti ẹni tó ń fi igi ìdáná ra àga.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó rí Bàbá Káfíńtà mú wálé. Mo rò pé yóò fi èékánná ha igi náà tàbí kó gbóòórùn rẹ̀. Aṣọ funfun ló ní kí n wá. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi bo ibi tí àáké ti bó ara igi náà, ó ní ká lọ jókòó ná. Nígbà tí a padà dé ibẹ̀, aṣọ ti ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé wọ́n fi nu àwo ata ilẹ̀ pupa. “Apá ni,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun kan tó pọ́n bí ìyeyè wà nínú ihò tínńtín ara igi apá, omi ló sì ń fà á jáde. Ìyá mi kò tẹ́ aṣọ funfun sórí pẹpẹ ilé ìdáná wa rí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá wá ní kí n wá ìṣó jáde lára rẹ̀ fún òun. Mo wá a títí. Yàtọ̀ sí èyí tó di nẹ́ẹ̀tì mú àti ọ̀kan tí wọ́n kàn sínú láti fi ìpọnbẹ̀ kọ́, kò sí ìṣó kankan. Orí igi kan ni wọ́n gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dá ihò sí ara èkejì, wọ́n ki í bọ̀ ọ́, wọ́n wá fi èèkàn igi kékeré dè é. Gúlù tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú ti àtijọ́ tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran. Bàbá gbé omi gbígbóná, ó fi aṣọ tó rin bo oríkèé ẹsẹ̀ kan, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ náà fi yọ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú ẹsẹ̀ tó yọ wẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tó kan kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí nǹkan kan yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Kò mọ̀ mí, kò mọ Bàbá Káfíńtà, ṣùgbọ́n ó ti ń retí wa. Bá mi wá irú ìyẹn lára tábìlì tẹlifíṣọ̀n tí mo fi owó oṣù rà ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jọ́sí. Èérún igi tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ pọ̀ ni, wọ́n wá fi ọ̀rá tó jọ igi bò ó lójú. Òjò jò sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó wú bí gàrí tí ènìyàn gbàgbé sínú omi. Káfíńtà ò rí ibi tí yóò ti mú un. Kò ní oríkèé. Kò sí ẹni tó retí pé ẹnikẹ́ni yóò ṣí i wò láé.

Ohun tí Ìyá pè ní ikán, ara pákó ẹ̀yìn nìkan ló wà, torí pé arère ni wọ́n fi ṣe é, arère ò sì lágbára níwájú ikán. Ara apá, wọn ò fi eyín kàn án. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ méjì tún ti jẹrà. Omi inú agolo tó ń lé èèrà ló bà wọ́n jẹ́. Òrùka ìpẹtà agolo ṣì hàn yíká wọn. Bàbá gé ibi tó jẹrà kúrò, ó fi igi mìíràn lé e. Kò pa ojú ibi tó ti so ó pọ̀ mọ́. Mo bi í léèrè, ó ní kí ẹni tó máa ṣe é lẹ́yìn òun lè mọ ibi tí òun dé.

Èmi náà ṣe tèmi. Mo ra sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn méjèèjì kún fún ìlà èédú wẹ́wẹ́, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú. Mo ṣáà rò pé ọmọdé ló fi í ṣeré. Mo ha tọwọ́ ọ̀tún mọ́ tónítóní, sáńpépà tán, mo ní màá ṣe tòsì lọ́jọ́ mìíràn.

Mo mọ ibi tí mo ti kó àìsàn ìfẹ́ àga àtijọ́ yìí. Bàbá àgbà mi tó kọ́lé sí Mópà ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Kàdúná. Ẹ má gbàgbé pé lábẹ́ Àríwá ni wá nígbà náà: Kabba Province ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, Lọ́kọ́ja ni olú ibùdó rẹ̀, Kàdúná sì ni ìjọba wà. Nítorí náà ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Owé àti ọmọ Bùnú tó bá ti mọ̀wé díẹ̀, ọ̀nà òkè ló ń gbà, ó ń di tíṣà ní Zaria, akọ̀wé ní Kàdúná, nọ́ọ̀sì ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á gba lọ́rí kan, wọ́n á kó ilé wọn sínú rẹ̀, ó di Ìlọrin, ó di Òmù-Àrán, ó di Ẹ̀gbẹ̀, ó di Ìsánlú, kó tó já sí Mópà àti Kàbà. Títí dòní, bí mo bá wọ pálọ̀ àgbàlagbà kan nílẹ̀ Ọ̀kun, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa wọ̀nyí, kí n tó kí i “Ọ̀kun o” tán, ojú mi ti ń wá ibi tó ti ṣiṣẹ́. Bí tìmùtìmù aláwọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Kánò tàbí Zaria ni. Bí ó bá jẹ́ tábìlì olójú fọ́máíkà pẹ̀lú rédíò ńlá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, a jẹ́ pé Èkó ló ti wá.

Àga ìrọ̀gbọ̀kú kan àti déèsìkì kan ni bàbá àgbà kó bọ̀. Kàdúná ni wọ́n ti kan àga náà ní 1962, ó kọ ọdún náà sí abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ Àríwá ni àga yìí nígbà tí wọ́n kàn án. Ní 1967, wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀, ilé tó ń bọ̀ wá jókòó sí di ara ohun tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ó dé Mópà, ó jókòó sí igun pálọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún ọdún 1991, ó di ará Kogí. Bàbá àgbà a máa sọ pé àga òun rìnrìn àjò ju òun lọ láìgbé ẹsẹ̀.

Èmi ni mo jogún àga yìí. Èmi náà ni mo bà á jẹ́.

Fóònù ló kó bá mi. Mo ń wo àwòrán àwọn òyìnbó tó ń kun àga àtijọ́ ní ọ̀dà funfun, ilé wọn ń tàn, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ra ọ̀dà agolo méjì. Mo ha ara àga bàbá àgbà, mo kùn ún, mo tún un kùn. Bí ó ṣe gbẹ tán báyìí, ó jọ àga tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Àbúrò bàbá mi obìnrin wá kí wa ní Àjíǹde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ta ló fi aṣọ òkú wé àga Bàbá?” Mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bó ọ̀dà yẹn kúrò. Bí ẹ bá wò ó súnmọ́, funfun díẹ̀díẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ihò ara igi náà, bí ìyẹ̀fun tó wọ abẹ́ èékánná. Kò ní kúrò mọ́. Ohun tí kò jẹ́ kó dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé mo kọ́ bí a ṣe ń mọ ohun tí wọ́n fi dán igi lójú. Rẹ òwú sínú sípírítì, fi nu ibi tó fara sin. Bí ó bá yọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, ṣẹ́láàkì ni, ohun tí wọ́n rí lára kòkòrò kan tó ń gbé orí igi ní Íńdíà. Sípírítì àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ ti tó láti sọ ọ́ dọ̀tun. Bí kò bá yọ́, fánìṣì ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ gan-an ló wà lára nǹkan tẹ́ ẹ rà, ẹ má ha á ní gbígbẹ, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Eruku ìrókò náà ò ṣeé fojú kéré. Ó ń yún ni lára, ó sì ń mú ni húkọ́. Ẹ fi nǹkan bo imú.

Ìrókò yìí náà ló tún dójú tì mí. Mo rí ojú tábìlì kan rà, kò ní ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ìdí tuntun sí i. Bàbá Káfíńtà kò sí nílé, mo fi ara mi ṣe ọ̀gá, mo fi nọ́ọ̀tì de ojú tábìlì náà mọ́ ìdí rẹ̀ pinpin níbi mẹ́jọ. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀. Ọyẹ́ dé ní oṣù kìíní, irú èyí tí ń la ètè ní Kàbà. Ní òru ọjọ́ kan mo gbọ́ “pá!” nínú pálọ̀, mo rò pé ẹnì kan ti fọ́ fèrèsé. Ojú tábìlì ló là láti etí dé etí. Nígbà tí Bàbá dé, ó fi ọwọ́ tọ ojú ibi tó là náà, kò bá mi wí, ó kàn béèrè pé: “Tíṣà, bí wọ́n bá so ọ́ lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ tí òtútù sì mú ọ, báwo ni wàá ṣe káwọ́ jọ?” Igi ń mu omi inú atẹ́gùn, ó ń fẹ̀ lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ọyẹ́. Kì í gùn sí i, ìbú rẹ̀ ló ń yí padà. Àwọn tó kan tábìlì láyé àtijọ́ máa ń dá ihò nọ́ọ̀tì ní gbọọrọ kí igi lè rí ibi yí sí. Mo ti rí irú ihò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tábìlì rí, mo rò pé àṣìṣe ni.

Kí n sọ̀rọ̀ owó, torí wọ́n máa ń bi mí. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ó dínwó. Nígbà tí mo bá san owó káfíńtà, ti fọ́ọ̀mù, ti aṣọ àti ti ọkọ̀ tó gbé e, àga tuntun tí wọ́n tò sẹ́bàá títì ní Lọ́kọ́ja kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sì ń ra ohun gbogbo. Mi ò ra tìmùtìmù tàbí bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó ní fọ́ọ̀mù, torí ìdun. Tí mo bá rí ìyẹ̀fun kúnná bí èlùbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àga, kòkòrò ṣì ń jẹun níbẹ̀, mi ò ní gbé e wọlé bá àwọn yòókù. Ìgbà kan sì wà tí mo ra àga olóyè kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, mo ti san owó, mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ̀ sí i. Mo dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò fẹ́ jókòó sórí ìjà ọlọ́mọ ìyá.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nílé báyìí ni déèsìkì bàbá àgbà, irú ti ilé ẹ̀kọ́, tó ní ihò tí ìgò tàdáwà ń wọ̀ lápá ọ̀tún. Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí rẹ̀. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ tàdáwà. Inú ihò náà ló ń gba wáyà ṣájà fóònù kọjá, ó sì dá a lójú pé ohun tí wọ́n dá a fún nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìjókòó sí àga ìrọ̀gbọ̀kú, mo lọ sí Ògìdì lọ wá aṣọ òfì. Àwọn obìnrin ilẹ̀ wa kì í hun aṣọ lórí òfì tí a tẹ́ gbọọrọ sílẹ̀ bíi ti àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn; tiwọn dúró sára ògiri, aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀. Mo rí pupa kan tó wọ̀ mí lójú. Ìyá tó ń hun aṣọ náà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní àga. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ó jọ ìpò jù, ìpò kì í ṣe ohun tí à ń jókòó lé, aṣọ ìsìnkú àwọn olóyè ni nílẹ̀ Bùnú. Ó wá sọ fún mi ohun tí mo ti gbọ́ gààràgà nígbà kékeré: pé òwú pupa inú ìpò, ara bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó ń ti òkè òkun wá ni àwọn ìyá wọn ti ń tú u, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tún un hun. Mo rántí àwọn àwòrán orí fóònù mi. A ní à ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ òyìnbó! Búlúù ni mo rà.

Ìyá tó ni kọ́bọ́ọ̀dù wá dúpẹ́ lẹ́yìn òkú. Ó mú iṣu mẹ́ta dání. Bí ó ṣe wọ pálọ̀, ó dúró.

“Ìwé lo kó síbi ọbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ jókòó.”

Kò jókòó. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. “Àwọn ìlà mi dà?”

Ẹnu mi gbẹ. Ó ṣí tòsì. Àwọn ìlà èédú wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pa wọ́n tì. Ó fà mí súnmọ́ ọn. Èlùbọ́ ló ń tà nígbà náà, ó ní, òun ò mọ̀wé, gbogbo ẹni tó bá gbà á láwìn ló ní ọwọ́ ìlà tirẹ̀. Ìlà gígùn ni kọ́ńgò, kúkúrú ni ìlàjì. Àwọn ti ilẹ̀kùn ọ̀tún ńkọ́? Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. “Ìyẹn, ìwọ ti bá wọn san án.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn lórí ìlà. “Èyí san. Èyí san, ó tún fi adìẹ kún un. Èyí kú kó tó san, mo ti fi jì í.” Ìka rẹ̀ dúró lórí ọwọ́ tó kẹ́yìn, gígùn márùn-ún, kúkúrú kan. Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì.

“Èyí ṣì wà láyé. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá.” Ó ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó so ìborùn rẹ̀ mọ́dìí. “Tíṣà, wọ bàtà rẹ.”